Inú Ìwé Wọ́ọ̀dù ni Olùdíje ti ń Jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Télọ̀ ni mí ní Ìkirè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọmọ ọdún 29 sì ni mí. Àwa ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù wa ti fẹnu kò pé olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ilé ìwé girama ìjọba ni a fẹ́ kó díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó ń jẹ wá níyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ bá alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ó ní orúkọ ti wá láti òkè, pé kí a máa múra sílẹ̀ láti dìbò ni. Ṣé òkè ló ń yan olùdíje ni? Ṣé kí a lọ gba káàdì ẹgbẹ́, àbí kí a dúró de ọjọ́ ìbò? Bí wọ́n bá sì kọ̀ fún wa ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ẹ ti mọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó máa bèèrè ọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ ìbò ló jẹ́ pé ẹni tí wọn kò fẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Lóòótọ́ ni orúkọ máa ń wá láti òkè, ṣùgbọ́n òfin kò fún òkè láṣẹ láti fi orúkọ ránṣẹ́ lásán bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fún wọn láyè ni pé ìwé tí a ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí ní wọ́ọ̀dù kì í sí lábẹ́ ojú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìwé yẹn ni iṣẹ́ yín wà, oṣù púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìbò, ibẹ̀ náà ni màá sì pẹ́ sí jù nínú ìdáhùn yìí.

Kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ káàdì ẹgbẹ́, nítorí kò gba àríyànjiyàn. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó lè dá dúró díje láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, kó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọjọ́ orí tí òfin ń bèèrè tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tí àwọn ọ̀dọ́ jà fún, ó ti di ọdún 25. Nítorí náà, bí olùkọ́ yín bá tilẹ̀ jẹ́ àyànfẹ́ gbogbo Ìkirè, tí kò bá sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan, INEC kò ní gba orúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ kò bá sì sí nínú ìwé ẹgbẹ́ náà, kò sí ẹni tí yóò dìbò fún un lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje rẹ̀, èyí tó ṣáájú ìbò tí ẹ ń dúró dè.

Jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí ìwé wọ́ọ̀dù ṣe rí fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Mo ti ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù fún ọdún mélòó kan nínú ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè. A fi rúlà fa ìlà sí i fún nọ́ńbà, orúkọ, iṣẹ́, àdúgbò, nọ́ńbà káàdì ìdìbò, owó ẹgbẹ́ tí a san, àti àyè kékeré kan fún ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka. Lọ́jọ́ ìpàdé, abẹ́ igi odán la máa ń to bẹ́ǹṣì sí. Akápò a gbé ike íńkì sórí itan, àwọn ìyá àgbà a nu àtàǹpàkò mọ́ ìró wọn dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọn a sì dúró wò ó títí tí yóò fi gbẹ kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n jókòó. Tí ìpàdé bá tú, ilé alága ni ìwé ń lọ.

Ní ọdún ìbò kan, nígbà tí ìbò abẹ́lé ku nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n ní kí n kó ìwé náà wá kí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní olú ilé ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ewé mẹ́rin láàrin rẹ̀ ti di tuntun. Ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀, bírò kan náà, ìtẹ̀ka wọn sì jọra bí ẹni pé àtàǹpàkò kan ló tẹ gbogbo wọn. Àwọn ìyá àgbà mẹ́sàn-án tí mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo dìde ní ìpàdé, mo wí tẹnu mi. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: ẹ̀dà tèmi dà? N kò ní ẹ̀dà. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wá sí ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé, ó ní wọ́n ní òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, òun tó ti ń san owó láti ọdún tí a dá wọ́ọ̀dù náà sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lápò yín pé ohun tí èmi kò ní, ẹ̀yin ní in. Lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú ewé tí orúkọ yín wà, kí nọ́ńbà ojú ewé náà hàn. Ẹ gba rìsíìtì owó ẹgbẹ́, bó ti wù kí owó náà kéré tó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bèèrè nínú ìpàdé pé kí akọ̀wé ka iye orúkọ tó wà nínú ìwé sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, kí ẹ sì rí i pé ó wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kò sí ìjà nínú bíbéèrè iye. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè náà ti jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀.

Òfin wà lẹ́yìn yín nínú èyí. Abala 77 òfin ìdìbò ọdún 2022, èyí tí a fi ṣe ìbò 2023, pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nínú ìwé àti nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí INEC, ó pẹ́ tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò abẹ́lé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti wọlé nígbà náà, ariwo ẹnu ọ̀nà kò lè mú un wọlé lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé. Àwọn aṣòfin a máa tún òfin yìí ṣe láàrin ìbò kan sí èkejì, títí kan ọjọ́ àti ọ̀nà tí a fi ń yan olùdíje. Nítorí náà, ẹ̀dà èyí tó wà lóde lọ́dún tí ẹ ń díje ni kí ẹ wá, kí ẹ sì kà á fúnra yín, kì í ṣe pé kí alága wọ́ọ̀dù máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín.

O lè rò pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ yìí di bàbàrà. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín gan-an. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ APC ṣe ìbò abẹ́lé fún ipò gómìnà Ọ̀ṣun ní ìlànà tó fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láǹfààní láti dìbò ní wọ́ọ̀dù wọn. Ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ẹgbẹ́ 408,697 ló wà nínú ìwé, wọ́n sì yẹ 247,207 wò lọ́jọ́ náà. Gómìnà Gboyega Oyetola ní ìbò 222,169, Moshood Adeoti ní 12,921, Lasun Yusuf sì ní 460. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, tí gbogbo ará ìpínlẹ̀ jáde, Oyetola ní 375,027, Ademola Adeleke ti PDP sì borí pẹ̀lú 403,371. Ìbò tí APC rí gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn Ọ̀ṣun, ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, fi 33,670 dín sí iye orúkọ tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ti Èkó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìbò abẹ́lé APC tí Babajide Sanwo-Olu fi borí Gómìnà Akinwunmi Ambode fún un ní ìbò 970,851, Ambode sì ní 72,901. Nígbà tí ìbò gómìnà dé ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Sanwo-Olu kan náà wọlé pẹ̀lú 739,445. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kó ìbò jọ nínú ilé ara rẹ̀ ju èyí tí gbogbo ìlú fún un níta lọ.

N kò fi èyí fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹgbẹ́ lè bínú jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò, ẹlòmíràn lè ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹlòmíràn lè ní káàdì ẹgbẹ́ kó má ní káàdì ìdìbò, ẹlòmíràn sì wà tó forúkọ sílẹ̀ nítorí owó tí wọ́n pín lọ́jọ́ náà, tí kò tún padà débẹ̀ mọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, àwọn nọ́ńbà yìí ń fi hàn pé orúkọ inú ìwé àti èèyàn tó wà ní àdúgbò kì í fìgbà gbogbo dọ́gba, àti pé ẹni tó bá ń ṣọ́ ìwé náà ló mọ èyí tó jẹ́ èèyàn nínú wọn. Ìwé tí ojú kò sí lára rẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ kún, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbé jáde bí ẹ̀rí nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti yan ẹlòmíràn.

Ìgbà kan wà tí kò ṣeé ṣe láti fi ìwé bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1993, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu tó jẹ́ alága àjọ ìdìbò nígbà náà, ìlànà tí wọ́n ń pè ní Option A4 ni ẹgbẹ́ SDP àti NRC fi yan olùdíje: láti wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, wọn a kà wọ́n ní gbangba, ẹni tó bá sì borí níbẹ̀ ló ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, sí ìpínlẹ̀, títí dé òkè. Bí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti lówó tó, wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ jáde kó tó dé Jọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹta ọdún náà, níbi tó ti gba àsíá SDP. Mo wà lórí ìlà nígbà náà ní ìlú tèmi, mo sì rántí pé ẹni tó wà níwájú mi yíjú wẹ̀yìn, ó wo gígùn ìlà wa, ó wo ti èkejì, ó sì mọ ẹni tó wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. N kò sọ pé ìlànà náà kò ní àléébù, nítorí ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ kò lè tò sẹ́yìn alátakò ọ̀gá náà. Síbẹ̀, kò sí ìtẹ̀ka tó lè dúró lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn tí alága yín sọ. Òfin ọdún 2022 gba ọ̀nà mẹ́ta láyè: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú tí à ń pè ní dẹ́lígéètì dìbò, tàbí kí gbogbo ẹni tó fẹ́ díje fẹnu kò sórí ẹnì kan. Ẹ̀wù ọ̀nà kẹta yìí ni wọ́n máa ń wọ̀ fún orúkọ tó bá wá láti òkè. Ṣùgbọ́n kí ni abala 84 sọ nípa rẹ̀? Ó ní gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà láti díje gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn kọ̀wé pé àwọn juwọ́ sílẹ̀ tinútinú àti pé àwọn fara mọ́ ẹni náà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i, kò sí ìfẹnukò mọ́. Ìbò ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí. Bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìpàdé ní ẹkùn ìdìbò náà láti fọwọ́ sí ẹni tí wọ́n fẹnu kò sí. Nítorí náà, bí olùkọ́ yín bá ti ra fọ́ọ̀mù, tí ẹgbẹ́ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò kọ̀wé juwọ́ sílẹ̀, ‘orúkọ ti wá’ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ra fọ́ọ̀mù rárá.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wá kan owó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí ti ń padà sẹ́yìn. Fún ìbò 2023, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC gbà fún fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, PDP gba 600,000. Olùkọ́ ìjọba wo ló ní mílíọ̀nù méjì nílẹ̀? Bí ẹnì kan bá bá a ra á, ẹni náà ni yóò máa pàṣẹ fún un bó bá wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni kí ẹ dá owó náà, kódà bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì-méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè, àwọn ọmọ ìlú tó wà nílùú òkèèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ẹgbẹ̀rún èèyàn tó dá ẹgbẹ̀rún méjì-méjì ti tó owó fọ́ọ̀mù tó wọ́n jù nínú méjèèjì, wọ́n sì ti di ẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ní jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò.

Ní ti àwọn aṣojú, ohun kan ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Ìbò 371 péré ni Atiku Abubakar fi gba àsíá PDP fún ipò ààrẹ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ní APC, 1,271 ni Bola Tinubu ní ní oṣù kejì rẹ̀. Lọ́dún náà, bí wọ́n ṣe kọ abala 84 kò jẹ́ kí àwọn tí ipò wọn sọ di aṣojú lè dìbò. Àwọn aṣòfin sáré tún un ṣe, Ààrẹ Buhari kò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aṣòfin fúnra wọn ṣe di òǹwòran. Àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ yàn fún ìgbà yẹn nìkan ló dìbò. Èyí túmọ̀ sí pé lábẹ́ òfin ọdún 2022 yẹn, èèyàn bíi tìrẹ lè di aṣojú, bí wọ́ọ̀dù bá yàn án. Bákan náà, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń yan alákòóso tuntun ní wọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ipò aṣáájú ọ̀dọ́ tàn yín. Wọ́n fẹ́ràn láti fún ọ̀dọ́ nípò yẹn nítorí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Ipò akọ̀wé ni kí ẹ wá. Akọ̀wé ló ń kọ ìwé orúkọ, òun ló ń pe ìpàdé, òun ló mọ ọjọ́ tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìbéèrè rẹ kẹta ló wúwo jù: bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ bá tẹ òfin tàbí ìlànà ara rẹ̀ lójú nínú yíyan olùdíje, ẹni tó bá díje níbẹ̀ lè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ìwé òfin fún un ní ọjọ́ 14 péré láti ọjọ́ tí ohun tó ń dùn ún ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́wàá bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí ẹ tó wá agbẹjọ́rò. Ẹ sì má rò pé ilé ẹjọ́ kì í ṣe é. Ní Zamfara, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní APC kò ṣe ìbò abẹ́lé tó bá òfin mu, gbogbo ìbò tí ẹgbẹ́ náà rí gbà sì di òfo: ipò gómìnà, àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn aṣòfin àpapọ̀ méjèèje, àti gbogbo ìjókòó 24 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ ìbúra ku ọjọ́ márùn-ún nígbà náà. Ẹ lè fi ìtàn yìí bá alága yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní ohun tó pọ̀ jù láti pàdánù bí wọ́n bá fi orúkọ òkè ṣe ìbò abẹ́lé.

Ohun mìíràn tí ẹ ní ni iye yín. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin Adeleke àti Oyetola ní 2022 jẹ́ 28,344. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun, ibùdó ìdìbò sì jẹ́ 3,763. Bí ẹ bá pín ìyàtọ̀ náà, ó jẹ́ nǹkan bí èèyàn 85 ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kò sì pé èèyàn mẹ́jọ ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ kó ara yín jọ ní wọ́ọ̀dù kan, mélòó ni yín? Bí ẹ bá lé ní ọgọ́rùn-ún, tí gbogbo yín ní káàdì ìdìbò, tí ẹ sì lè kọ orúkọ àti ibùdó ìdìbò yín sínú ìwé kan gbé síwájú alága ìjọba ìbílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kò ní lè gbójú fò yín dá. Olóṣèlú tó ti ṣe ìbò rí mọ ìṣirò yìí ju èmi lọ. Ohun tó ń mú un fojú tín-ín-rín àwọn ọ̀dọ́ ni pé ó ti rí i pé ọ̀pọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, tọmọdé tàgbà, kì í jáde: ní ìbò ààrẹ 2023, nínú àwọn 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, 25,286,616 péré ni wọ́n yẹ̀ wò ní ibùdó ìdìbò.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ìbò abẹ́lé lọ ní ìtòrò, tí olùkọ́ yín sì fìdí rẹmi, ẹ gbà á, kí ẹ má sì kúrò nínú ìwé. Àwọn tó máa ń bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò abẹ́lé kan ṣoṣo ni àwọn tó wà lókè fẹ́ràn jù, nítorí ìwé padà di tiwọn. Ẹ béèrè pé kí ẹgbẹ́ lo àwọn kan nínú yín bí aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò, kí wọ́n kọ́ yín bí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, àti pé aṣojú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó ka iye náà fúnra rẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ dúró títí wọ́n fi lẹ EC60E, ìyẹn ìwé èsì tí gbogbo aráàlú lè kà, mọ́ ògiri, ẹ ya àwòrán rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ipò káńsẹ́lọ̀ ló yá ṣáájú, kí olùkọ́ yín má fojú kéré rẹ̀. Àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn, wọ́ọ̀dù kan péré sì ni ìbò rẹ̀. Àwọn tó ń pín owó ‘dìbò kóo sebẹ̀’ yóò wá sọ́dọ̀ yín ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, láti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ títí dé ọjọ́ ìbò. Ẹni tó bá gbà á nínú yín ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn 85 yẹn, kí ẹ má sì kà á mọ́ nígbà tí ẹ bá ń ka ara yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹ kò sọ bóyá ó ní aya àti ọmọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fìdí èyí múlẹ̀ láti ọdún 2003. Ohun tí ìwé òfin béèrè ni pé kó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò gbogboogbò náà. Àkókò gígùn sì máa ń wà láàrin ìbò abẹ́lé àti ìbò náà, tó fi lè mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ fà á kalẹ̀ tàbí kò fà á kalẹ̀ kó tó fi owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ lórí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, kó sì rí i pé INEC ti gbé orúkọ rẹ̀ jáde, kó tó fi ìwé náà sórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé. Bí ẹ ti ń rọ̀ ọ́ pé kó jáde, ẹ sọ èyí náà fún un.